Bàtà Tó Lè Gbé Yín Gun Òkè Nínú Ẹ̀ẹ̀rùn, àti Bí Ẹ Ṣe Máa Yàn Án

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gun Òkè Ìdànrè, bàtà tuntun ni mo wọ̀. Mo rà á ní nǹkan bí aago 9 àárọ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́, ó sì bá ẹsẹ̀ mi mu wẹ́kú. Wẹ́kú yẹn gan-an ló kó bá mi. Àtẹ̀gùn tó wà lára òkè náà lé ní 600, mo sì gùn ún dókè láìsí wàhálà kankan yàtọ̀ sí pé mò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìgbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Aago 2 ọ̀sán ti lù, oòrùn ti yan àpáta, ẹsẹ̀ mi ti wú, àtàǹpàkò mi sì ń gbá iwájú bàtà ní gbogbo àtẹ̀gùn tí mo bá tẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti dúdú bí èédú. Ó tó oṣù 9 kí òmíràn tó hù dé iwájú.

Ẹsẹ̀ tí mo gbé wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kọ́ ni mo gbé sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ooru bá mú, iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń gbòòrò kí ara lè tutù, omi ara á sì máa sọ̀ lọ síbi tó rẹlẹ̀ jù, ìyẹn ẹsẹ̀. Bí a bá tún wá ń làágùn, awọ ẹsẹ̀ á rọ̀ bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Awọ tó ti rọ̀ báyìí, tí nǹkan wá ń ha á, kì í pẹ́ léròrò. Ìdí nìyí tí mo fi ń yan bàtà fún ẹsẹ̀ aago 2 ọ̀sán. Ìdànrè ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí ibẹ̀ ló kọ́ mi lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ Òkè Olúmọ tàbí Adó-Àwáyè lè lò ó, títí kan ẹni tó kàn fẹ́ máa rìn yí àdúgbò rẹ̀ ká ní oṣù kejì àti ìkẹta, nígbà tí ooru ń bẹ lójú ọpọ́n.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí ẹ máa tẹ̀

Àtẹ̀gùn àti àpáta gbígbẹ ló wà ní Ìdànrè àti Olúmọ. Àtẹ́lẹ̀ tó ń di àpáta mú ni wọ́n ń fẹ́, pẹ̀lú iwájú tó le díẹ̀, kí òkúta má baà fọ́ yín ní ìka. Níbi ìṣàn omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, inú omi lẹ máa gbà kọjá, òkúta ibẹ̀ sì ń yọ̀. Sáńdà tó ní okùn lẹ́yìn gìgísẹ̀, tí omi lè ṣàn gba ara rẹ̀ jáde, sàn ju kánfáàsì tó máa gba omi sínú lọ. Ojú títì ọlọ́dà ní tirẹ̀ máa ń gbóná débi pé ooru á gba ìsàlẹ̀ bàtà wọlé, nítorí náà àtẹ́lẹ̀ tó nípọn lẹ máa wá.

Sílípáàsì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Kò ní ohun tó di gìgísẹ̀ mú, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló máa ń há a mọ́ra ní gbogbo ìgbésẹ̀. Kí ẹ tó rìn fún wákàtí kan, abẹ́ ẹsẹ̀ àti ojúgun á ti máa ro yín.

Nínú gbogbo ẹgbẹ́ tí mo bá lọ, ẹnì kan kì í ṣaláì sọ pé ẹsẹ̀ lásán ni àwọn bàbá wa fi gun òkè wọ̀nyí. Òótọ́ ni, àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń rákò ni àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ti ń le bọ̀. Tiwa, orí táìsì ló dàgbà sí. Wọ́n á tún mẹ́nu kan Abebe Bikila, ará Ethiopia tó sá eré marathon Olympics ní Róòmù lọ́dún 1960 láìwọ bàtà, tó sì gba góòlù. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé ìrọ̀lẹ́ ni eré náà bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ sì ti ṣú kí ó tó parí. Ní Tokyo lọ́dún 1964, ó wọ bàtà, ó sì tún gba góòlù.

2. Ẹ wọn ẹsẹ̀ yín ní ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kó di nǹkan bí aago 5 tàbí 6, lẹ́yìn tí ẹ ti rìn káàkiri lọ́jọ́ náà. Ẹ tẹ́ bébà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa wọ̀ lọ, kí ẹ fi gìgísẹ̀ kan ògiri, kí ẹ wá dìde dúró ṣánṣán. Ẹni tó bá jókòó wọn ẹsẹ̀ ti rẹ́ ara rẹ̀ jẹ, torí ẹsẹ̀ máa ń nà bí ara bá ti wúwo lé e. Kí ẹlòmíràn fi pẹ́ńsùlù sàmì síbi tí ọmọ ìka tó gùn jù dé. Mi ò dárúkọ àtàǹpàkò o: lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, ìka tó tẹ̀ lé e ló yọrí jù.

Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ wọ̀n. Wọn kì í sábà dọ́gba. Ẹsẹ̀ òsì tèmi fi bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà gùn ju ọ̀tún lọ. Èyí tó tóbi lẹ máa ra bàtà fún. Bí rúlà bá sọ pé 25.5 sẹ̀ǹtímítà ni, ẹ fi 1 kún un, kó di 26.5, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú fóònù. Òun ló máa gbà yín lọ́wọ́ ẹnu dídùn àwọn ọlọ́jà. Aláboyún ní láti tún ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ̀n bí oyún bá ti ń dàgbà, kó má gbára lé nọ́ńbà ti tẹ́lẹ̀.

3. Ní ọjà, ẹ yí ahọ́n bàtà padà

Ẹ̀yìn ahọ́n bàtà ni wọ́n sábà máa ń lẹ àmì kékeré kan mọ́, tí UK, US, EUR àti CM tò sórí rẹ̀. Sáìsì 42 ti ilé-iṣẹ́ kan lè má bá 42 ti òmíràn mu, nítorí náà CM ni kí ẹ wò. Òun nìkan ló bá rúlà yín sọ èdè kan náà. Bí àmì náà bá ti pa rẹ́, bó ṣe máa ń rí lára ọkírìkà, ẹ fa ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà jáde, èyí tí àwọn ṣúmékà ń pè ní ínsólù, ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ dúró lé e. Ó yẹ kí ààyè tó tó sẹ̀ǹtímítà 1 ṣẹ́kù níwájú, kí ẹran ẹsẹ̀ má sì yọ kọjá etí rẹ̀.

Ohun tí mò ń ṣe nìyẹn ní Kàtángówà, ọjà ọkírìkà kan ní Èkó, lọ́jọ́ kan tí ọmọkùnrin tó ń tajà fi bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ṣé ínsólù lẹ fẹ́ wọ̀ relé ni?"

"Jẹ́ n wò ó ná, ọmọ mi. Owó mi ni mo fẹ́ fi rà á."

Ẹsẹ̀ mi bo ínsólù náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Nígbà tó rí i pé mi ò ní rà á, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, ó mú òmíràn jáde. "Ẹ wo èyí. Fọ́ọ̀sì grédì ni, òní la tú bélì ẹ̀." Ìka kan ló fi gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ lójú, bákan náà ni àwọn méjèèjì rí. Òun ni mo rà.

4. Iwájú fẹ̀, ẹ̀yìn dì

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé ibí yìí. Ẹ wọ bàtà méjèèjì pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, ẹ so okùn rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ ìrìn àjò. Ọlọ́jà á fẹ́ kí ẹ wọ ẹyọ kan, kí ẹ jókòó. Ẹ má gbà. Ẹ máa jó àwọn ọmọ ìka yín nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá lè gbé orí sókè, tí wọ́n lè yà síra, iwájú dára. Bí ọmọ ìka kékeré bá ń gbógun ti ẹ̀gbẹ́ bàtà, ẹ bọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tó dà gẹ̀rẹ́. Kò sí ọjà tí kò ní pákó tàbí sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi dábùú gọ́tà. Ẹ gorí rẹ̀, kí ẹ kọjú sí ìsàlẹ̀, kí ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kìì, kìì, kìì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ìka bá kan iwájú bàtà pẹ́nrẹ́n, bàtà yẹn á jẹ èékánná yín. Ká ní mo ṣe èyí fún ìṣẹ́jú kan péré kí n tó lọ Ìdànrè ni, mi ò ní máa fi èékánná dúdú pamọ́ fún oṣù 9.

Kí ẹ wá yí padà, kí ẹ gun pákó náà. Gìgísẹ̀ yín kò gbọ́dọ̀ máa yọ sókè nínú bàtà. Àṣìṣe tí mo rí jù nìyí: ẹni tí ìka ń dùn á lọ ra sáìsì tó fi méjì jù ú lọ, ìka á bọ́ nínú wàhálà, gìgísẹ̀ á wá máa lọ sókè sódò títí á fi bó. Bàtà tó fẹ̀ níwájú tó sì dì lẹ́yìn lẹ ń wá, wọ́n sì wà. Bí ọlọ́jà bá ní "ó máa fẹ̀ tó bá yá," awọ lè fẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, òótọ́ ni. Kò sí bàtà tó ń gùn sí i.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ fi "kò dùn mí" díwọ̀n, nítorí àìsàn náà lè ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ó fi ojú àti ọwọ́ wò ó, kí ó máa ki ọwọ́ bọ inú bàtà kí ó tó wọ̀ ọ́ nígbàkígbà, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ bó bá rí egbò, bó ti wù kó kéré tó.

5. Ẹ fi ọwọ́ dán egungun rẹ̀ wò

Bàtà náà ní egungun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kì í rí i. Ẹ di gìgísẹ̀ rẹ̀ àti iwájú rẹ̀ mú, kí ẹ ká a. Ibi tí ọmọ ìka ti bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó ti ṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń ṣẹ́. Bó bá ká láàárín bí ewé ẹ̀kọ, kò ní gba ìwúwo yín dúró. Ẹ tún fún un bí ẹni ń fún aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kí ó bá yín jà díẹ̀. Paríparí rẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀. Èyí tó bá wó lulẹ̀ bíi páálí tí òjò pa, ẹ dá a padà.

Ẹni tó ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ nílò egungun tó le ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ fi ẹsẹ̀ tútù tẹ sìmẹ́ǹtì gbígbẹ. Bí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ bá hàn tí àárín kò ṣófo, ó ṣeé ṣe kí ẹ wà lára wọn.

6. Ṣé afẹ́fẹ́ ń wọlé?

Ọlọ́jà wo ni kò ní sọ pé bàtà òun ń gba afẹ́fẹ́? Ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé iwájú, kí ẹ mú ìdérí páálí bàtà, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn lù ú láti òde. Ó yẹ kí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n lára. Ẹ tún gbé e sókè sí oòrùn: bàtà aláwọ̀n gidi, ẹ máa rí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀ yọ. Òmíràn wà tí wọ́n kàn ya ihò sí lójú, tí wọ́n wá fi rọ́bà tàbí fóòmù lẹ inú rẹ̀ pa. Ọwọ́ ló ń tú àṣírí ìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún bàtà tí wọ́n bá ní omi kì í wọ̀, irú èyí tí wọ́n kọ GORE-TEX sí lára. Bàtà tó dára ni, owó rẹ̀ sì le, ṣùgbọ́n ilẹ̀ òtútù ló ti wúlò jù. Nínú ooru tiwa, òógùn kì í ráyè jáde tó bó ṣe ń wọlé, omi tó bá sì gba ọrùn bàtà wọ inú rẹ̀ kì í tètè jáde. Láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, bàtà aláwọ̀n lásán tó tètè ń gbẹ ló tẹ́ mi lọ́rùn. Bí òjò bá pa á, ẹ̀yin náà á tutù, bàtà náà á tutù, kí ẹ sì tó délé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Àwọ̀n náà ní àbùkù tirẹ̀. Eruku ọyẹ́ àti iyanrìn á wọlé, èèmọ́ á sì lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ bá gba inú igbó. Nítorí náà, ẹ yan èyí tí ihò rẹ̀ wẹ́ tí ó sì pọ̀, ju èyí tí ihò rẹ̀ tóbi bíi ti àwọ̀n ẹja lọ. Àwọ̀ funfun tàbí eérú kì í fa oòrùn mọ́ra bíi dúdú. Ìyẹn pẹ̀lú wúlò, àmọ́ mi ò ní torí àwọ̀ kọ bàtà tó bá ẹsẹ̀ mi mu.

7. Ẹ yí i dojú dé

Ẹ wo àtẹ́lẹ̀. Kí eyín rẹ̀ ṣì yọ, kí ó má jẹ́ pé ìgbátí kan ti jẹ ju èkejì lọ, torí bàtà tí ẹnì kan ti wọ̀ gbẹ̀gẹ́ á fẹ́ tẹ ẹsẹ̀ yín bíi ti olówó àkọ́kọ́. Ẹ fi èékánná tẹ rọ́bà náà. Kó jẹ́ kí èékánná wọlé díẹ̀, kó sì padà bọ̀ sípò. Rọ́bà tó ti gan bí igi á máa yọ̀ lórí àpáta.

Ẹni tó ń ra ọkírìkà gbọ́dọ̀ mọ èyí: oríṣi fóòmù kan wà tí wọ́n ń pè ní PU, tí wọ́n máa ń lò lábẹ́ bàtà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá wọ̀ ọ́ rí. Bàtà náà á ṣì máa dán lójú bíi tuntun; ẹ ó gbé e gun òkè, àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ á sì rún sílẹ̀ bíi búrẹ́dì gbígbẹ. Ẹ fi ọwọ́ ká a síwá sẹ́yìn ní ìgbà bíi mẹ́wàá kí ẹ tó sanwó. Bó bá ń bù, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ya bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí gọ́ọ̀mù ṣúmékà kankan tó lè tún un ṣe. Èyí tó bá kàn ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ṣúmékà lè lẹ̀, kí ó sì rán an yípo.

8. Ìbọ̀sẹ̀ àti òrí

Òwú ń fa òógùn mu, kì í sì í fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, aṣọ tútù lẹ wọ̀ sẹ́sẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ polyester tàbí nylon fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló dára, èyí tó ga ju ọrùn bàtà lọ. Kí ẹ mú méjì dání, kí ẹ pààrọ̀ lórí òkè. Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ fi òrí díẹ̀ pa ẹ̀yìn gìgísẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ọmọ ìka kékeré, kí bàtà lè máa yọ̀ lórí awọ dípò kí ó máa ha á. Díẹ̀ ni mo wí.

9. Ẹ má gbé bàtà tuntun lọ òkè

Ọjọ́ méjì nínú ilé lákọ̀ọ́kọ́, torí èyí tí kò bá dọ̀tí ni ọlọ́jà lè gbà padà. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn fún ìdajì wákàtí ládùúgbò, kí ẹ rìn fún wákàtí kan lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ọ̀kan lára ìrìn wọ̀nyí sì jẹ́ lọ́sàn-án gangan. Kí ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ yín lálẹ́ ọjọ́ tí ọ̀la máa jẹ́ ìrìn àjò.

10. Lórí òkè

Ẹ tètè lọ. Ní Ìdànrè, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn kí aago 8 tó lù á ti jẹ ìgbádùn òkè kí àpáta tó gbóná. Bí ẹ bá ń gùn ún, ẹ so okùn náà wọ́ọ́rọ́wọ́, pàápàá lápá iwájú. Àwọn ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà; ẹ lò wọ́n. Bí ẹ bá mọ̀ pé ojú kan ń gbóná lẹ́sẹ̀ yín, ẹ má sọ pé ó di òkè. Ibẹ̀ ló fẹ́ léròrò. Ẹ jókòó, ẹ bọ́ bàtà, ẹ nu ún gbẹ, kí ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn.

Bí ẹ bá dé ìlú àtijọ́ tó wà lókè, níbi ààfin àtijọ́, ẹ bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí atẹ́gùn fẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ kejì. Ó wá ku okùn ìsọ̀kalẹ̀. Ẹ wo ihò tó kẹ́yìn lókè, lẹ́bàá kókósẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lò. Ẹ ti okùn ọ̀tún gba ihò ọ̀tún wọ inú, kó di ojóbó kékeré ní ẹ̀gbẹ́ kan náà; ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún òsì. Ẹ wá ki orí okùn ọ̀tún bọ ojóbó òsì, kí ẹ ki ti òsì bọ ojóbó ọ̀tún. Ẹ gbún gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè wọ ẹ̀yìn bàtà dáadáa, kí ẹ fa okùn méjèèjì sísàlẹ̀, kí ẹ tó so ó. Gìgísẹ̀ á dì gbọn-in, ẹsẹ̀ kò sì ní máa rọ́ síwájú. Pẹ̀lú sáìsì tó tọ́, okùn yìí ni mo fi ń sọ Ìdànrè kalẹ̀ báyìí.

11. Bí ẹ bá délé

Ẹ fa ínsólù jáde, ẹ tú okùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ rún ìwé ìròyìn sínú rẹ̀ kó lè fa omi inú rẹ̀ mu. Ibi tí atẹ́gùn wà lábẹ́ òrùlé ni kí ẹ gbé e sí. Orí fẹ́ǹsì tí oòrùn ń pa tàbí ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ á mú kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣí. Ẹ fọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín, kí ẹ nu ún gbẹ, kó má baà máa yún kó sì máa bó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ki ọwọ́ bọ inú bàtà náà dé iwájú. Bó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.